Èènì Tí Kì Í Tán: Bí Ọjà Títà Ṣe Di Ọ̀nà Láti Bọ́ Ẹni Tí Ebi Ń Pa

 

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí ní ìdí. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ fún ìpàdé gbogbogbòò. Wọ́n ní kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan máa yọ kóńgò kan lóṣù nínú ohun tó ń tà, ìbáà ṣe ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí tàbí èlùbọ́, kí ẹgbẹ́ kó o jọ fún àwọn ìdílé tí ebi ń pa ní àdúgbò ọjà wa. Wọ́n tún ní kí á lẹ àkọlé mọ́ ìsọ̀, kí oníbàárà lè mọ̀ pé bí òun bá rajà lọ́dọ̀ wa, ẹlòmíràn náà yóò jẹun nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ó dára. Àwọn kan ní ṣekárími ni, pé ẹni tó ń ṣàánú kì í lu agogo sí i. Àwọn kan sì béèrè pé, ta ni yóò ṣàánú àwa fúnra wa? Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí á tó dìbò, ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ rí ṣe ṣe é, ibi tó ti dára àti ibi tó ti wọ́.

ÈÈNÌ LÓ KỌ́KỌ́ WÀ

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ìyá wa ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe oníbàárà. Bí wọ́n bá wọn ọjà tán, wọ́n á bu díẹ̀ lé e. Èènì nìyẹn. Èènì kì í ṣe ìtọrẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀dínwó. Ó dà bí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé, mo rí ọ, mo sì fẹ́ kí o tún padà wá. Ẹ tún kíyè sí èdè wa: ẹni tó ń tà ń pe ẹni tó ń rà ní "oníbàárà mi," ẹni tó ń rà náà ń pe ẹni tó ń tà ní "oníbàárà mi." Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé àwọn jọ ni ara wọn ni.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ èkejì rẹ̀. Kóńgò tí wọ́n fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọnú wà lọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá fi irú kóńgò bẹ́ẹ̀ wọnjà, tó wá bu èènì ìka mẹ́ta lé e, kò fún èèyàn ní nǹkan kan, ohun oníbàárà ló dá padà fún un, kò sì dá a padà tán. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó tún padà dé ibẹ̀.

ÀWỌN ÈÈYÀN 28 NÍ ROCHDALE

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Rochdale. Aṣọ híhun ni iṣẹ́ wọn. Láàárín ọdún 1840 sí 1850, nǹkan le fún wọn gan-an. Owó iṣẹ́ wálẹ̀, oúnjẹ gbówó lórí, ebi sì pa mẹ̀kúnnù débi pé àwọn òpìtàn wọn ń pe àkókò náà ní ọdún ebi. Ìyà wá di méjì: díẹ̀ tí wọ́n rí rà pàápàá kì í ṣe ojúlówó. Àwọn onísọ̀ kan ń po álọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun kó lè funfun. Àwọn mìíràn ń sá ewé tíì tí wọ́n ti sè tẹ́lẹ̀, wọ́n á tún un tà lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn èèyàn 28 bá kó ara wọn jọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá owó títí ó fi pé pọ́n-ùn 28. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní òpópónà Toad Lane. Ohun tó wà lórí àtẹ kò ju bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun ótì àti àbẹ́là lọ. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe olówó ló dá a sílẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa ni.

Òfin wọn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ojúlówó ọjà nìkan ni wọ́n á tà, òṣùwọ̀n rẹ̀ á sì pé. Owó lọ́wọ́, kò sí àwìn. Èrè tó bá wọlé, bí oníkálukú bá ṣe rajà sí ni wọ́n á ṣe pín in fún un. Ìbò kan ṣoṣo ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ọkùnrin tàbí obìnrin, nígbà tí òfin ìlú wọn kò tíì gbà kí obìnrin dìbò yan aṣòfin rárá. Èrè tí wọ́n ń pín yẹn, èènì ni lọ́nà tiwọn, àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ṣírò owó tán ni wọ́n ń fi í sí i.

Láti ibẹ̀ ni irú ẹgbẹ́ tiwa ti tàn káàkiri ayé. Lọ́dún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára àwọn tó tètè dìrọ̀ mọ́ ọn. Lóòótọ́, àwọn baba wa ti ń ṣe àáró, wọ́n ti ń dá èsúsú, tipẹ́tipẹ́. Ohun tí òfin yẹn mú wá ni ìwé ìṣirò tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ lè ní kí wọ́n ṣí fún òun wò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí òṣùwọ̀n kọ́kọ́ pé. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ ẹni tí ebi ń pa, kó kọ́kọ́ má jẹ oúnjẹ rẹ̀.

ÌYÁ PẸLẸ́WURA ÀTI ÒWÓ GÀÀRÍ

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ẹni tó bá ń tajà ní ilẹ̀ yìí tí kò mọ orúkọ Alimotu Pẹlẹ́wura, kó mọ̀ ọ́n lónìí. Ẹja ló ń tà. Òun ni olórí ọjà Eréko ní Èkó, òun náà ló sì ṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Kò mọ̀wé kà, àmọ́ gómìnà òyìnbó mọ ohùn rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ kí obìnrin tó ń pa ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí, wọ́n tú jáde, ìjọba sì gbé e lọ sí £200, èyí tó yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Èyí tó kan ìtàn tiwa ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Oúnjẹ wọ́n ní Èkó. Ìjọba ní àwọn fẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí jẹ, wọ́n bá fi Kapteni Pullen sí ìdí iye oúnjẹ. Wọ́n kéde iye tí gààrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn gbọ́dọ̀ jẹ́, wọ́n sì ya ọjà tí ìjọba ń darí sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kéde kò tó iye tí àwọn obìnrin fi ń rà á lóko tí wọ́n sì fi ń gbé e wọ̀lú. Kí ló ṣẹlẹ̀? Oúnjẹ sá kúrò lójú àtẹ. Ọjà kọ̀rọ̀ ló gba gbogbo rẹ̀, èèyàn sì ń tò sórí ìlà ní ọjà ìjọba fún ohun tí kò tó nǹkan. Ètò tí wọ́n ní àwọn fi lé ebi lọ ló tún pe ebi wá.

Pullen fi £100 lóṣù lọ Ìyá Pẹlẹ́wura kó lè bá àwọn mú àwọn obìnrin ọjà rọ̀. Owó ńlá ni £100 nígbà náà, ẹ ṣáà rántí iye tí ìjọba ń wá owó orí lé lórí lọ́dọọdún. Ìyá kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò ní bá wọn fi ebi pa àwọn èèyàn òun. Lẹ́yìn tí ogun parí, tí àwọn obìnrin kò sì jáwọ́, ìjọba kó ètò náà kúrò. Ìyá kú ní 1951.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá ní ìwà kan tó dun àwọn ìyá wa. Bí o bá fẹ́ ra ọjà tó ń yá, wọ́n á ní àfi kí o ra èyí tí kò yá mọ́ ọn. Ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe oníbàárà nígbà náà. Àwọn obìnrin pariwo rẹ̀ títí. Ẹ wá bi ara yín léèrè: nígbà tí pẹtiróòlù wọ́n, tàbí nígbà tí ṣúgà wọ́n, ṣé àwa náà ò ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọlàkejì rẹ̀ nínú ọjà?

Mo mú ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀. Ìkíní, wọn kì í fọ́ ọlọ́jà kí wọ́n tó bọ́ aláìní. Ohun tí a bá ní kí ìsọ̀ yọ, kó jẹ́ èyí tí ìsọ̀ lè yọ láìṣubú. Ìkejì, a ò gbọdọ̀ fi ìwọ̀n ara wa lé orí iye ọjà, kí á wá pe oníbàárà ní ẹni tí a fi ń ṣàánú.

OBÌNRIN TÓ Ń ṢA OÚNJẸ NÍNÚ ÀGBÁ ÌDỌ̀TÍ

Lọ́dún 1967, ní ìlú Phoenix ní Arizona, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John van Hengel ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún aláìní. Ó bá ìyá ọlọ́mọ pọ̀ kan pàdé, tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Ìyá yìí ní ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ni òun ti ń ṣa oúnjẹ fún àwọn ọmọ òun, pé ohun tí wọ́n ń dà sí àgbá ìdọ̀tí ṣì dára. Ó ní ì bá dára kí ibì kan wà bíi bánkì, tí ẹni tó ní lè kó oúnjẹ sí, kí ẹni tí kò ní lè wá gbà á.

Ẹ ò rí i pé ẹni tí ebi ń pa gan-an ló mú ìmọ̀ràn náà wá? Van Hengel kàn gbọ́ ọ ni, ó sì ṣe é. Ìjọ St. Mary's fún un ní ilé búrẹ́dì àtijọ́ kan àti 3,000 dọ́là. Lọ́dún àkọ́kọ́, oúnjẹ tí wọ́n pín tó 275,000 pọ́n-ùn ìwọ̀n, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 125. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo ayé ń pè ní bánkì oúnjẹ nìyẹn. Ní Èkó níbí, Lagos Food Bank Initiative bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015.

Àwa náà mọ ohun tí ìyá yẹn ń sọ. Tòmátì tó rọ̀ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fọ́ tí kò ní dúró di ọ̀la, ìrẹsì tí àpò rẹ̀ ya: oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá ní ọwọ́ tó lè kó o dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa sè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àánú ni. Bí kò bá sí ọwọ́, pàǹtírí ni. Àmọ́ kí á má fi ohun tó ti bàjẹ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ohun tí o ò lè fún ọmọ rẹ jẹ, má fi fún ọmọ ọlọ́mọ.

KÁÀDÌ ÀTI SẸ́ŃTÌ KAN

Ọ̀rọ̀ àkọlé lára ìsọ̀ ló kù, èyí tí àwọn kan ń pè ní ṣekárími. Ìtàn tirẹ̀ rèé. Lọ́dún 1983, ilé iṣẹ́ American Express, tó ń fún èèyàn ní káàdì tí wọ́n fi ń rajà láìmú owó lọ́wọ́, kéde pé ìgbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá fi káàdì àwọn rajà, àwọn á yọ sẹ́ńtì kan, bí ẹnìkan bá sì gba káàdì tuntun, àwọn á yọ dọ́là kan, láti fi tún ère obìnrin ńlá tó di iná mú ní etí omi New York ṣe. Owó tó wọlé ju mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là lọ. Káàdì lílò wọn náà sì lé sí i ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ti mọ̀ pé bí oníbàárà bá rí i pé owó òun ń ṣe rere níbì kan, ó máa ń padà wá.

Ní 1993, ilé iṣẹ́ kan náà gbé e wá sórí ọ̀rọ̀ ebi. Àwọn àti ẹgbẹ́ Share Our Strength jọ ń ṣe é ní ìparí ọdún: sẹ́ńtì mẹ́ta lórí ìrajà kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún mẹ́rin, ohun tó jáde níbẹ̀ ju ogún mílíọ̀nù dọ́là lọ, fún bíbọ́ ẹni tí ebi ń pa.

Ẹ wo iye rẹ̀: sẹ́ńtì kan, sẹ́ńtì mẹ́ta. Kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ ọ́ di ńlá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bá wọn wí náà kò purọ́. Nígbà ti ère yẹn, owó tí ilé iṣẹ́ ná sórí ìpolówó àánú náà ju owó àánú fúnra rẹ̀ lọ. Bí ariwo bá ju oúnjẹ lọ, ariwo la ń tà.

Èrò tèmi ni pé àkọlé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Oníbàárà tó ń bá wa yọ nínú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Ohun tó lè sọ àkọlé di ẹ̀ṣẹ̀ ni bí kò bá sí ìṣirò lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ pé kóńgò kan, kóńgò kan náà ni kó dé ibi tó ń lọ, kí á sì lẹ iye rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lóṣooṣù, kí oníbàárà tó bá fẹ́ lè wọlé wá kà á.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ NÍLÉ

Kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ bí nǹkan ṣe rí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ lọ sókè, ọjà tẹ̀ lé e. Ní àárín ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn pé owó oúnjẹ fi ju ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín ọdún kan ṣoṣo. Àwa la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lójú àtẹ. Ẹni tó ń ra kóńgò méjì di ẹni tó ń ra kóńgò kan. Ẹni tó ń ra kóńgò kan di ẹni tó ń ra agolo. Ẹni tó ń ra agolo, a ò rí i mọ́.

Ẹni tí a ò rí mọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi. Kì í ṣe àlejò. Oníbàárà wa ni. Òun ló ra ọjà tí a fi san owó ilé ìwé ọmọ wa nígbà tó dára fún un. Bí àwọn kan ṣe ń béèrè pé ta ni yóò ṣàánú wa, ìdáhùn mi ni pé òun náà ni, nígbà tí ara rẹ̀ bá tún mókun. Ìdí nìyí tí mi ò fi pè é ní ìtọrẹ. Èènì tó pẹ́ kó tó dé ni.

Ọ̀nà tí a ó gbà fún un ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní Ìbàdàn, ọmọdé 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọdún tí wọ́n ti fẹ́ fún àwọn ọmọ ní ẹ̀bùn, ní ọgbà ilé ìwé kan ní Baṣọ̀run. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, èèyàn tún kú ní Àbújá àti ní Òkìjà níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ọlọ́run yóò tu àwọn òbí wọn nínú. Mi ò sọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé wọn kì í pe ẹni tí ebi ń pa jọ sí ẹnu géètì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tiwa ní àǹfààní kan tí olówó kò ní: a mọ ilé wọn, a mọ orúkọ wọn, a mọ iye ọmọ tí wọ́n bí. Kí á gbé e lọ bá wọn nílé ní ìrọ̀lẹ́, nínú àpò ọjà lásán bíi ti ẹni tó rajà bọ̀, kí aládùúgbò má mọ èyí tí wọ́n rà àti èyí tí wọ́n fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò ojú wọn.

KÍ Á TÓ DÌBÒ

Bí ẹ bá bi mí, màá dìbò pé kí á ṣe é, pẹ̀lú àdéhùn márùn-ún tí ìtàn yìí kọ́ wa. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ yẹ gbogbo kóńgò wò, kí ìsọ̀ tí ìdí kóńgò rẹ̀ bá wọnú má lẹ àkọlé. Kí kóńgò oṣooṣù jáde nínú èrè wa, kó má gun orí iye ọjà, kí ìsọ̀ tí ọjà rẹ̀ kò bá sì yá lóṣù kan ní àǹfààní láti fò ó láìsí ìtìjú. Kí á ní ọwọ́ méjì tó ń kó oúnjẹ tó ṣì dára ní ìrọ̀lẹ́. Kí ìṣirò wà lára ògiri lóṣooṣù. Kí oúnjẹ bá èèyàn nílé.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwa kọ́ la ó lé ìṣẹ́ kúrò nílẹ̀ yìí, agbára wa kò tó o. Ṣùgbọ́n ebi tó wà láàárín ọjà wa sí ojú ọ̀nà ńlá, ìyẹn kò ju apá wa lọ, bí a bá jọ gbé e.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ sí tèmi, kó wá sí ìpàdé, kó dìde sọ ọ́. Ìbò kan ṣoṣo ni akọ̀wé náà ní, bíi ti gbogbo yín. Ọlọ́run á bá wa dá ẹgbẹ́ yìí sí, ajé á wọlé, òṣùwọ̀n wa ò ní dín. Àmín.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́